Aró Kú

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Tìámíyù, ọmọ ọ̀dọ̀ Ọ̀tún, kọ́kọ́ wọlé.
Kò jókòó. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí kò jẹ́ kóun jókòó.
Ó tú àdìpọ̀ sílẹ̀: kíjìpá funfun, ọ̀pá mẹ́wàá.
"Pa á láró kó dú bí ọ̀gànjọ́.
Má sọ ilé tó ti wá."
Mo ní ta ló ni ín.
Ó wo òrùlé mi, ó ní,
"Ẹni tí yóò ni ín ni yóò ni ín."

Ará Òṣogbo, ẹ ṣáà mọ̀:
a kì í pa aṣọ ìwúyè láró de ọba tó ń mí.
Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Kábíyèsí mu ògì,
ó ní ṣúgà rẹ̀ kò tó;
ọmọ mi tó ń pọnmi fún ààfin ló gbọ́ ọ.
Ọba tó ń jà nítorí ṣúgà,
òun ni wọ́n ti ń wọn sàréè fún?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilé kejì dé.
Obìnrin ni wọ́n rán, Mosúnlọ́lá ìyàwó Jagun,
ó gbé ẹ̀kọ tútù dání bí ẹni wá kí ìyá ọlọ́mọ,
aṣọ wà lábẹ́ ẹ̀kọ.
Ó ń pè mí ní ìyá mi, ìyá mi,
ẹni tó ti ń kọjá níwájú ilé mi
fún ọdún mẹ́sàn-án láìkí mi.

Ọjọ́ Ajé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún.
Gbádéwọlé. Ọmọ Kábíyèsí fúnra rẹ̀,
tó kọ́ ìrìn lórí ẹní mi,
tí mo fi ọwọ́ aró yìí nu ikun imú rẹ̀ nù.
Kò lè wo ojú mi.
"Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí bàbá mi kú.
Àwọn tó kù ló ti ń múra."

Mo gba gbogbo rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe?
Ìkòkò kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé mi,
kí wọ́n tó bí mi ló ti wà níbẹ̀,
ẹnu rẹ̀ fọ́ ní apá tó kọjú sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Mo rì wọ́n sínú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
ti Ọ̀tún lé ti Jagun lórí,
ti ọmọ ọba nísàlẹ̀ pátápátá.
Lóru mo gbọ́ tí èlú ń hó,
àfi bíi pé àwọn olóyè ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú omi.

Ìyá Màpó, dákun, dárí jì mí.
Mo ṣe ohun tí aláró kì í ṣe:
mo bu omi tútù lu aró,
mo fawọ́ eérú sẹ́yìn.
Nígbà tí wọ́n dé, mo na ọwọ́ méjèèjì síta.
"Aró kú. Ẹ wá wò ó. Ẹ bá mi sunkún."
"Ìgbà wo ni yóò jí?"
"Bó bá wù ú."
Ta ni yóò pe ìkòkò kó wá jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni Kábíyèsí ṣe rí oṣù méje gbà lọ́wọ́ ìkòkò ẹlẹ́nu fífọ́.
Kò mọ̀. N kò sọ fún un.
Mo gbọ́ pé ó tún bínú sí ṣúgà lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó wàjà, ikọ́ ni. Kò sẹ́ni tó tì í.
Àwọn afọbajẹ tilẹ̀kùn mọ́rí,
ẹni tí wọ́n sì fà jáde
kì í ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́ta:
akọ̀wé rélùwéè kan tó fẹ̀yìn tì láti Gúsáù.
Léèsì funfun ló wọ̀. Èkó ló ti rà á.

Kò sẹ́ni tó padà wá gbaṣọ.
Wọn kò dúdú, wọn kò funfun,
àwọ̀ ojú ọ̀run nígbà tí òjò ń rò ó bóyá kóun rọ̀.
Mo fi ọ̀kan pọn ọmọ ọmọ mi.
Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, ẹ fi nu ẹsẹ̀.
Ti Gbádéwọlé ni n kò tí ì gé.
Ó máa ń gba ibí kọjá lọ sí Odi-Olówó.
Ó máa ń kí mi.
Ó máa ń wo ìkòkò.